Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ọ̀nà Ẹja? Ìtàn Omi Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò

Ìtàn àwọn Àwórì kò ṣeé sọ láìfẹnu ba omi. Bí ènìyàn bá bi àgbà Àwórì léèrè bí ìran rẹ̀ ṣe dé ibi tí ó wà, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni ìtàn àwo tí Ògúnfúnminírè gbé lé orí omi nígbà tí ó ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀. Àwo ń léfòó lọ, àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo bá dúró sí, wọn a dúró. Bí ó bá tún gbéra, wọn a gbéra. Ìṣẹ̀rì, létí odò Ògùn, ni àwo náà ti rì. "Àwo ti rì" yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó di Àwórì. Yálà olùkàwé gba ìtàn náà bí wọ́n ṣe ń pa á, tàbí ó kà á sí àlàyé tí àwọn ará ìgbàanì ṣe fún orúkọ ara wọn, ohun kan ṣe kedere nínú rẹ̀: omi ni ó sin àwọn tí ó tẹ ìlú bí Ọ̀jọ́ àti Ìba dó wá síbẹ̀, omi náà ni ó sì bọ́ wọn.

Lónìí, bí a bá dárúkọ Ọ̀jọ́, ọjà Alábà ni ó ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, tàbí bárékè àwọn sójà. Bí a bá dárúkọ Ìba, ilé tí ìjọba Jákàńdè kọ́ láàárín ọdún 1979 sí 1983 ni wọn yóò rántí. Òkòkòmáíkò ní tirẹ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lójú títì márosẹ̀ Àgbádárìgì ni ó sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká, pẹ̀lú ojú irin tí wọ́n ti ń ti Mile 2 fà bọ̀ níbẹ̀. Láti ọdún 1983 ni a ti dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, Ọ̀jọ́ ni olú-ọgbà rẹ̀ sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní agbègbè yìí kí ó má dúró létí ọ̀sà rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀sà náà wà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tó la títì márosẹ̀ náà ní àárín ọdún 1970 sí 1979, ojú omi ni ojú títì. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gún nísàlẹ̀ omi àti ọkọ̀ alájẹ̀ ni ó ń kó ẹja, àgbọn, gàrí àti ènìyàn láti Àgbádárìgì dé Èkó. Ìlú kọjú sí omi. Nígbà tí títì dé, ìlú yí ẹ̀yìn padà, ohun tí ènìyàn bá sì kọ ẹ̀yìn sí, kì í tètè rí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i.

Kí ni omi yìí gan-an? Ọ̀sà tóóró kan ni ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 60 kìlómítà. Ìlà-oòrùn rẹ̀ ń wọ inú ọ̀sà Èkó, ibẹ̀ ni ẹnu òkun wà. Ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ń lọ pàdé omi Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní àríwá ọ̀sà tóóró yìí, ní ìhà Àgbárá àti Ọ̀tọ̀-Àwórì, ni ọ̀sà Ológè wà. Ológè kò tóbi bí ọ̀sà Èkó. Odò Òwò ni ó ń bọ́ ọ láti inú ilẹ̀, nítorí náà omi rẹ̀ dùn, iyọ̀ òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti Ológè bọ́ sínú ọ̀sà tóóró, tí ó sì kọjú sí Èkó, iyọ̀ yóò máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà òjò, omi odò a ti iyọ̀ sẹ́yìn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a tún gba ààyè rẹ̀ padà. Ọdọọdún ni ìjà yìí ń wáyé, òun gan-an ni ó sì ń bọ́ ẹja.

Àwọn ẹja kan wà tí kì í gbé ojú kan. Ẹ wo edé. Orúkọ kan náà ni a ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ìrìn wọn yàtọ̀. Edé òkun a máa yé ẹyin rẹ̀ sínú òkun. Àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́ a wọ inú ọ̀sà wá, wọn a dàgbà níbi tí ewu kò pọ̀, lẹ́yìn náà wọn a tún padà sínú òkun. Edé odò, èyí tí apá rẹ̀ gùn, tí ó ń tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ń ṣe òdìkejì èyí. Inú omi dídùn ni ó ń gbé. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, abo rẹ̀ a gbé ẹyin mọ́ abẹ́ ikùn, a sì máa bá omi sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí iyọ̀ wà, nítorí pé àwọn ọmọ tí ó bá pa kò lè yè nínú omi tí kò ní iyọ̀ rárá. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bá lágbára tán, wọn a tún gòkè padà. Bí ọ̀nà bá dí láàárín méjì, ìran edé náà ti parí níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé kò sí ẹnì kankan tí ó ju àwọ̀n sí i.

Ní ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Scotland, ẹja tí a lè fi wé edé yìí ni sámọ́ọ̀nù àti ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sea trout. Inú odò, láàárín òkúta wẹ́wẹ́, ni a ti ń bí sámọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ọdún kan sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sínú òkun, ó jẹun níbẹ̀, ó sanra, lẹ́yìn náà ni ó wá odò tí wọ́n bí i sí kiri títí ó fi rí i. Òórùn omi náà ni ó fi ń dá a mọ̀. Ẹja yìí ni àwọn ọlọ́rọ̀ ibẹ̀ ń fi ìwọ̀ pa fún ìgbádùn, kì í ṣe nítorí ebi. Ó lè jọ ni lójú pé ohun eré lásán ni. Ṣùgbọ́n nítorí eré yìí, òfin tí wọ́n ṣe lórí odò wọn pọ̀ ju èyí tí àwa ṣe lórí omi tí a fi ń jẹun lọ. Òfin ọdún 1861 yan àwọn olùbẹ̀wò sí odò sámọ́ọ̀nù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ọdún 1865 sì dá ìgbìmọ̀ olùtọ́jú sílẹ̀ fún odò kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí ẹni tí yóò bá sọ ìwọ̀ tàbí àwọ̀n sí omi kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, kí ó sanwó. Owó yẹn ni wọ́n ń fi san owó iṣẹ́ àwọn tí ó ń ṣọ́ odò. Ẹni tí ó ń jẹ nínú odò ni ó ń bọ́ ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ.

Ohun kan wà nínú òfin Scotland tí àgbà ilẹ̀ Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín sí. Èèwọ̀ ni kí ènìyàn pa sámọ́ọ̀nù lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn aláwọ̀n pàápàá gbọ́dọ̀ kó àwọ̀n wọn sókè ní òpin ọ̀sẹ̀ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹja tí ó ń bọ̀ láti òkun lè ráyè kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ìletò etí omi ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn baba ńlá wa náà ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ àwọ̀n sómi, nítorí Ọlọ́sà tàbí Olókun ni ó ni ọjọ́ náà. Àwọn kan ti fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní ìgbàgbọ́ àìmọ̀kan. Òfin ẹlẹ́sìn ìgbàgbọ́ ti Scotland àti èèwọ̀ abọ̀rìṣà ti etí ọ̀sà ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún ẹja: wọ́n fún un ní ọjọ́ ìsinmi tí yóò fi rìn kọjá.

Àpẹẹrẹ èèwọ̀ tí ó lókìkí jù lọ nílẹ̀ Yorùbá ni ti Òṣogbo. Nígbà tí Làróòyè àti Tìmẹ́hìn dé etí odò Ọ̀ṣun, tí igi tí wọ́n gé sì wó lu ìkòkò aró òrìṣà, ìtàn sọ pé wọ́n bá Ọ̀ṣun mulẹ̀. Ẹja ńlá kan jáde sí ọba, ọba sì tẹ́wọ́ gbà á. "A-tẹ́wọ́-gba-ẹja" yìí ni ó di Ataọ́ja, oyè ọba Òṣogbo títí di òní. Ìlú tí orúkọ oyè ọba rẹ̀ ti inú ẹja jáde! Nínú igbó Ọ̀ṣun, a kì í pẹja, a kì í ṣọdẹ, a kì í gégi. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi igbó náà kún ibi àjogúnbá àgbáyé.

Ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, àṣẹ náà tún gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1934 tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ìpẹja ńlá níbẹ̀, odò Matan Fada ni wọ́n máa ń tì pa mọ́ àwọn apẹja títí di ọjọ́ ọdún. Ìjòyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Sarkin Ruwa, ìyẹn olórí omi, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti bójú tó odò náà. Lọ́jọ́ ọdún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin a bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí wọ́n padà ṣe ọdún náà lẹ́yìn ìdádúró ọdún mẹ́wàá, ẹja tí ó gba ipò kìíní wọn kílò 78. Ẹja tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í dàgbà nínú odò tí gbogbo ènìyàn ń pa nínú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kò yẹ kí a wá fi èyí sọ pé àwọn baba ńlá ni ó mọ gbogbo nǹkan. Àwọn ènìyàn kò pọ̀ nígbà náà. Okùn tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n jẹ́ ti èèpo igi àti òwú, ó ń jẹrà, ó ń wọ́n, hínhun rẹ̀ ń pẹ́. Ìgèrè tí wọ́n ń dẹ sínú omi kò lè kó ẹja agbo kan tán. Nígbà tí okùn náílọ́ọ̀nù dé, tí ẹ̀rọ sì di ohun tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, agbára apẹja ga ju agbára èèwọ̀ lọ. Lákòókò kan náà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ti gba ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́sà. Èèwọ̀ lọ, kò sì sí ohun tí ó tètè rọ́pò rẹ̀.

Ìjọba ni ó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 1941, ìjọba amúnisìn dá ẹ̀ka ìdàgbàsókè ẹja sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, Oníkan ní Èkó sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ adágún ìdánwò tí wọ́n ń fi omi oníyọ̀ sin ẹja sí. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ká wọn lára: bí ẹja yóò ṣe pọ̀ fún jíjẹ, nítorí ogun ń lọ lọ́wọ́ lágbàáyé, oúnjẹ sì ń wọ́n. Bí a ó ṣe dáàbò bo ọ̀nà ẹja kò sí lórí tábìlì. Lẹ́yìn òmìnira ni òfin ẹja pípa lójú òkun ti ọdún 1971 jáde. Ọdún 1975 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun sílẹ̀ ní Victoria Island, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NIOMR. Nígbà tí ó di ọdún 1992, òfin méjì jáde: ọ̀kan tún ti òkun ṣe, ó lé àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n kúrò nítòsí etí òkun kí àyè lè gba àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré, èkejì jẹ́ ti omi inú ilẹ̀, ó ka májèlé, bọ́ǹbù àti iná mànàmáná léèwọ̀ fún ẹja pípa, ó sì ka àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Òfin náà dára lórí ìwé. Ohun tí ó ṣòro ni pé kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó jẹ́ ti ọ̀sà Ológè nìkan, tí yóò máa gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ apẹja, tí yóò sì máa fi owó náà ṣọ́ ọ̀sà. Abúlé kan ní olórí apẹja tirẹ̀; abúlé kejì ní tirẹ̀. Àwọn Àwórì onílẹ̀ wà, àwọn Ègùn tí ó ti ìhà Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ wá wà, àwọn Ìlàjẹ wà pẹ̀lú. Èdè yàtọ̀, irinṣẹ́ yàtọ̀.

Àpẹẹrẹ rere ni ti àkájà. Àwọn Ègùn ni ó gbé iṣẹ́ náà dé omi wa láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Dahomey nígbà náà. Apẹja a ri ẹ̀ka igi mọ́ inú ẹrẹ̀ níbi tí omi kò jìn, ẹ̀ka náà a pọ̀, a wá dà bí igbó kékeré nínú omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èèhọ̀ a bo igi náà. Epìyà a wá jẹun níbẹ̀, ọ̀bọ̀kún a wá sá pamọ́ síbẹ̀. Bí oṣù bá gorí oṣù, apẹja a fi àwọ̀n yí igbó náà ká, a fa igi kúrò, a sì kó ẹja. Ó ní ọgbọ́n nínú, nítorí ẹja ń jẹ, ó ń bí, kí wọ́n tó kó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka igi náà ń ti inú àbàtà etí ọ̀sà wá, ibẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Igi tí ó bá jẹrà ń di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ń sọ omi di tẹ́tẹ́. Ẹni tí ó ní àkájà tún lè sọ pé òun ni ó ni omi tí ó yí i ká. Bí ó ti dára, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń dá ìjà sílẹ̀. Ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ni ẹni tí yóò sọ iye àkájà tí omi lè gbà, kì í ṣe ẹni tí yóò fòfin dè é pátápátá.

Nígbà tí àríyànjiyàn bí èyí ń lọ lọ́wọ́, ọ̀tá mìíràn wọlé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, àwọn apẹja tí ó wà lójú ọ̀sà Àgbádárìgì rí ewé kan tí wọn kò rí rí. Ewé náà tutù, ó dán, ó ní òdòdó elésè àlùkò tí ó wuni. Omi ìhà Àjàṣẹ́ ni ó ti léfòó wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni orísun rẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ni ó sì gbé e kiri ayé nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀. Àwọn ará ilé wa sọ ọ́ ní gbéborùn, nítorí pé bí olófòófó ti ń ti ilé dé ilé ni ewé yìí ń ti omi dé omi. Orúkọ náà bá a mu. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó lè di ìlọ́po méjì.

Gbéborùn bo ojú omi bí ẹní. Ọkọ̀ kò ríbi gbà. Àwọ̀n tí wọ́n bá ta lálẹ́, bí ilẹ̀ bá mọ́, ewé ni yóò kún inú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ìgbì ewé náà a fa àwọ̀n lọ pátápátá, gbèsè a sì kù sọ́rùn apẹja. Lábẹ́ ewé, oòrùn kò dé, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí a dín kù. Ní ìhà Èkó, iyọ̀ òkun máa ń pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò a sì tún gbé òmíràn wá láti òkè. Ṣùgbọ́n ní Ológè, níbi tí iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ta ni yóò pa á? Ohun tí ó tilẹ̀ burú ni pé ewé yìí ń sanra sí i níbi tí ìdọ̀tí bá ti pọ̀. Ìgbẹ́, omi ọṣẹ, ajílẹ̀ tí òjò wọ́ láti oko, oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí yìí ni ó mú wa dé Àgbárá. Láti ọdún 1970 sí 1979 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ibùdó ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn Ọ̀jọ́ àti Òkòkòmáíkò sì rí iṣẹ́ oṣù níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni owó Àgbárá rán nílé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀gbin ibùdó náà, inú ọ̀sà Ológè ni ó ń gbà lọ. Àwọn olùwádìí ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹja ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ọgbà wọn kò jìnnà síbẹ̀, ti lọ bu omi, wọ́n ti bu ẹrẹ̀, wọ́n ti já gbéborùn, wọ́n ti pa ẹja. Ohun tí wọ́n ń wá kiri nínú rẹ̀ ni bàbà, sínkì, irin, òjé àti irú wọn, wọ́n sì rí àwọn kan nínú wọn. Gbòǹgbò gbéborùn pàápàá ń fa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ọ̀tá tí a ń gé dànù wá di ẹlẹ́rìí.

Níbí ni ààlà wá di ìṣòro. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Àgbárá wà. Apẹja tí ẹja rẹ̀ kú wà ní ìpínlẹ̀ Èkó. Omi kò mọ ààlà tí ìjọba pa, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba mọ̀ ọ́n dáadáa. Àjọ àyíká ti Èkó kò lè lọ ti ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ pa ní ilẹ̀ Ògùn. Àpò ìjọba Ògùn ni owó orí ilé-iṣẹ́ náà sì ń wọ̀. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni agbára rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọdún 1988 ni ó tó dá àjọ FEPA sílẹ̀, lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n rí májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì wá dà sí Koko. Ọdún 2007 ni NESREA gba ipò rẹ̀. Ní ìwé òfin, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tọ́jú omi rẹ̀ kí ó tó tú u sódò. Ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tí yóò jókòó pọ̀ láti orísun odò Òwò títí dé ẹnu òkun ni a kò rí.

Òṣogbo ti fi ohun tí ó lè tẹ̀yìn èyí yọ hàn. Igbó Ọ̀ṣun kò sọ èèwọ̀ rẹ̀ nù. Ẹnikẹ́ni kò sọ àwọ̀n sí odò náà. Síbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 2018 ni omi Ọ̀ṣun ti pọ́n bí ẹrẹ̀ nítorí àwọn tí ń wa wúrà ní òkè odò. Ní ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní láti kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹja tí ìlú bá mulẹ̀ ń wẹ̀ nínú ìdọ̀tí tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rán wá.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti la irú rẹ̀ kọjá, ìyà tí ó jẹ wọ́n sì pẹ́. Láti ọdún 1215 ni ìwé Magna Carta ti ní kí wọ́n yọ ọgbà ìdẹ-ẹja kúrò nínú odò Thames. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n rò tí wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹja rí àǹfààní rẹ̀. Sámọ́ọ̀nù pọ̀ ní Thames fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù wá tóbi, tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí i, tí gbogbo ìgbẹ́ ìlú ń wọ odò, sámọ́ọ̀nù lọ. Ọdún 1833 ni wọ́n sọ pé wọ́n pa ti ìkẹyìn. Ní ọdún 1858, òórùn odò náà pọ̀ débi pé ilé aṣòfin tí ó wà létí rẹ̀ kò lè fara dà á mọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fún Bazalgette lówó láti gbẹ́ ojú ọ̀gbàrá abẹ́ ilẹ̀. Òórùn tí ó ń pa tálákà láti ọjọ́ pípẹ́ di ọ̀ràn kíákíá nígbà tí ó dé imú àwọn aṣòfin. Síbẹ̀ ní ọdún 1957, àwọn onímọ̀ ṣì pe apá odò tí ó gba àárín ìlú kọjá ní òkú odò.

Wọ́n tún iṣẹ́ ìtọ́jú ìdọ̀tí ṣe. Ní ọdún 1974, wọ́n rí sámọ́ọ̀nù kan ní West Thurrock, inú gbogbo ènìyàn dùn. Láti ọdún 1979, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ sámọ́ọ̀nù dà sínú odò ní ọdọọdún kí ìran rẹ̀ lè gbilẹ̀, kí àwọn oníwọ̀ lè rí ohun pa. Wọ́n ṣe àtẹ̀gùn omi sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìdènà kí ẹja lè gòkè. Owó ńlá ni wọ́n ná. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìran àwọn sámọ́ọ̀nù náà wò kéde àbájáde wọn: àwọn ẹja tí ó padà sí Thames kì í ṣe ọmọ èyí tí wọ́n dà sómi. Láti àwọn odò mìíràn ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣáko wá. Gbogbo ọmọ ẹja tí wọ́n fi owó rà, tí wọ́n kó dà, fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí ó mú ẹja padà ni omi tí ó mọ́ díẹ̀ àti ọ̀nà tí ó là.

Èyí kan Ọ̀jọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹja bá wọ́n ní agbègbè wa, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbà wá nímọ̀ràn ni kí a gbẹ́ adágún, kí a sin àrọ̀. Iṣẹ́ tí ó dára ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ìba ń fi gba ara wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àrọ̀ inú adágún kì í ṣe ọ̀bọ̀kún inú ọ̀sà. Ẹni tí ó ní ilẹ̀, tí ó ní owó oúnjẹ ẹja lọ́wọ́, ni ó lè sin àrọ̀. Ìyá arúgbó tí ó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Ọ̀sà ni oko tirẹ̀, kò gbin nǹkan kan sínú rẹ̀, ó kàn ń kórè. Ọ̀bọ̀kún kò sì béèrè ohun púpọ̀: ihò igi tàbí àárín òkúta tí yóò yé ẹyin sí, àti omi tí ó ṣeé mí sínú. Àwọn tí ń wa yanrìn nínú ọ̀sà fún ilé kíkọ́ ń gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ń tú ẹ̀gbin sómi ń gba èkejì.

Olùkọ́ kan tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní nǹkan yìí kò nílò ju ìrìn ìdajì ọjọ́ lọ. Kí wọ́n kúrò ní Òkòkòmáíkò ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí wọ́n gba ìhà gúúsù títì lọ sí èbúté. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja orúkọ ẹja tí wọ́n ń pa nígbà èwe wọn àti èyí tí wọn kò rí mọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá àti ní èdè Ègùn, pẹ̀lú oṣù tí ẹja kọ̀ọ̀kan ń kọjá. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùtọ́jú odò Scotland ń kó jọ lọ́dọ̀ àwọn oníwọ̀ wọn lọ́dọọdún, iye ẹja tí wọ́n pa àti ọjọ́ tí wọ́n pa á. Ní etí ọ̀sà wa, inú orí àwọn àgbàlagbà ni ìwé náà wà.

Bí òjò oṣù Kẹfà bá sì ti bẹ̀rẹ̀, abo edé odò yóò gbé ẹyin rẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn, yóò kúrò ní ìhà Ológè, yóò gba ẹ̀yìnkùlé Ọ̀jọ́ kọjá, yóò máa wá iyọ̀ lọ.